Ṣé ẹ̀ka Erinlẹ̀ ni Òtìn? Bí a ṣe ń tọpa odò kékeré láti orísun dé ìpàdé omi

Ọmọ_Ìkirun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwòrán odò Erinlẹ̀ ni mo ń yà fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, láti apá òkè rẹ̀ ní àríwá títí dé ibi tó ti bọ́ sínú Ọ̀ṣun lẹ́bàá Ẹdẹ. Ìbéèrè mẹ́ta ló dá mi dúró.

Èkíní, ṣé ẹ̀ka Erinlẹ̀ ni Òtìn, àbí odò tó dá dúró ni? Èkejì, mo fi QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀, fa ìlà omi jáde láti inú SRTM, àkọsílẹ̀ gíga ilẹ̀ tí wọ́n fi rédà wọ̀n, ó sì dára títí tó fi dé orí omi dáàmù Òkìnní (dáàmù Erinlẹ̀). Níbẹ̀ ni ìlà náà ti di gbọnrangandan, mẹ́rin márùn-ún tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí okùn aṣọ híhun. Ẹ̀kẹta, báwo lèèyàn ṣe lè mọ iye omi tó ń ṣàn nínú odò láìsí ẹ̀rọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atọpa_Omi

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to ilẹ̀ náà bó ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ ibi tí ilẹ̀ ga sí kò lè mọ ibi tí omi ń lọ.

Ọ̀ṣun ni odò ńlá ibẹ̀. Ìgèdé-Èkìtì ló ti sun, ó gba Òṣogbo àti Ẹdẹ kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà. Erinlẹ̀ ń bọ̀ láti àríwá, ó ń ṣàn sí gúúsù, ó kọjá lẹ́bàá Ìlobùú, ó sì bọ́ sínú Ọ̀ṣun lápá Ẹdẹ. Òtìn ń bọ̀ láti apá àríwá ìlà-oòrùn, ó gba agbègbè Òkukù, Ìnísà àti Èkó-Èǹdé, òun náà sì já sínú Erinlẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì odò, ibi tí omi ń lọ la máa ń kọjú sí. Nítorí náà, ọwọ́ òsì Erinlẹ̀ ni Òtìn ti wọlé, ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀ṣun sì ni Erinlẹ̀ ti wọlé. Ẹni tó bá kọjú sí orísun ṣe ìṣirò yìí yóò kọ gbogbo rẹ̀ sódì.

Kí ẹ tó fa odò kankan, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà ilẹ̀ gíga tó pín omi níyà lókè pátápátá. Èyí ló dùn mọ́ mi jù ní agbègbè yẹn. Odò Ọ̀yún tó wà lápá Ọ̀fà kì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa rárá. Ó ń lọ bá Asà, omi Asà sì ń lọ sí odò Ọya. Òtìn tí kò jìnnà sí i kọjú sí gúúsù ní tirẹ̀. Ìyẹn ni pé òjò kan ṣoṣo lè rọ̀ láàárín Ọ̀fà àti Òkukù, kí ẹ̀kán omi kan bá Ọya lọ, kí èkejì gba Òtìn, Erinlẹ̀ àti Ọ̀ṣun dé ọ̀sà tó wà lápá Lẹ́kí. Ilẹ̀ tó pín wọn kì í ṣe òkè gàgàrà, èèyàn lè wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀ láìfura. Òun ni ààlà àwòrán yín. Omi tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kàn yín.

Òtìn_Ìnísà

Mo fẹ́ tako ibì kan o. Òtìn kì í ṣe ẹ̀ka ẹnikẹ́ni. Ó ní ọdún tirẹ̀, ó ní àwọn olùsìn tirẹ̀, odindi ìjọba ìbílẹ̀ kan ló sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, Odò-Òtìn, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Òkukù. Bí ẹ bá kọ "ẹ̀ka Erinlẹ̀" sí i lára, àwọn ọmọdé á rò pé inú Erinlẹ̀ ló ti jáde.

Atọpa_Omi

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà "ẹ̀ka" ló fa wàhálà. Lára igi, ìdí ló ń bọ́ ẹ̀ka. Lára odò, òdìkejì ni: àwọn kéékèèké ló ń bọ́ ńlá. Nítorí náà, ẹ kọ "odò tó ń bọ́ Erinlẹ̀" tàbí "odò tó ń ṣàn sínú Erinlẹ̀", kò ní sí ìjà.

Ní ti èwo ló tóbi jù níbi tí odò méjì bá ti pàdé, nǹkan mẹ́ta la ń wò: èwo ló gùn jù láti ibẹ̀ dé orísun rẹ̀, èwo ló ń gba omi láti orí ilẹ̀ tó fẹ̀ jù, èwo sì ni omi rẹ̀ pọ̀ jù lọ́jọ́ tí a wọ̀n ọ́n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má fẹnu kò. Àmọ́ orúkọ kì í tẹ̀lé èyíkéyìí nínú wọn. Ìlú tó wà nísàlẹ̀ ìpàdé omi ló ń pinnu orúkọ tí odò ń jẹ́ lọ, bí Ìlobùú ṣe di Erinlẹ̀ mú. Ẹ fi orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè é sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ kọ gígùn àti fífẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Òtìn_Ìnísà

"Odò tó ń bọ́ Erinlẹ̀." Mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣé gan-an.

Aláwòrán_Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti kọ̀ǹpútà.

Oṣù kejì ọdún 2000 ni wọ́n fi rédà láti òfúrufú wọn ilẹ̀ tó di SRTM. Dáàmù Òkìnní ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Ojú omi ni rédà rí, kò rí àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú omi sì tẹ́ pẹrẹsẹ, gíga kan náà níbi gbogbo. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é ni pé ó pín ilẹ̀ sí àwọn igun mẹ́rin kéékèèké, igun kọ̀ọ̀kan máa ń wo àwọn mẹ́jọ tó yí i ká, á sì da omi rẹ̀ sí èyí tó rẹlẹ̀ jù. Bí gbogbo wọn bá dọ́gba, kò mọ èyí tí yóò mú, á kàn kọjú sí apá kan, gbogbo ará ìlà rẹ̀ á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni okùn aṣọ híhun tí ẹ rí.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé. Ẹ wá àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí ilé iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tẹ̀, ìwọ̀n 1:50,000, èyí tí wọ́n yà kí dáàmù yẹn tó wà. Ìwé Ìwó ni 242, Iléṣà ni 243, Ìlọrin ni 223. Ìwé kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́rin ní 1:50,000, torí náà ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n má baà gbé apá tí kò kàn yín fún yín. Lórí ìwé yẹn, ẹ ó rí Òtìn àti Erinlẹ̀ bí wọ́n ṣe pàdé kí omi dáàmù tó bo ibẹ̀. Ẹ tọ ìlà wọn pẹ̀lú ọwọ́ sínú QGIS, kí ẹ wá ní kí kọ̀ǹpútà gbẹ́ ilẹ̀ SRTM wọlẹ̀ ní mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ di àwọn kòtò èké tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tún ìṣàn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi á wá mọ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yí SRTM kúrò ní dígíríì sí UTM 31 Àríwá, ètò tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS ni EPSG 32631. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní dígíríì, ìṣirò fífẹ̀ ilẹ̀ yín kò ní nítumọ̀.

Nǹkan méjì míì tún wà tó ń ba ìlà jẹ́ ní agbègbè yẹn. Igbó etí odò ni èkíní. Orí igi ni rédà ń bà, kì í dé ilẹ̀. Níbi tí igbó bá ti dí létí odò tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ sì jẹ́ oko, odò máa ń dà bí ẹni pé ó ga ju oko lọ, ìlà omi á sì fò bọ́ sínú oko ẹgẹ́. Èkejì ni títì tí wọ́n kó ilẹ̀ gíga sí nídìí afárá. Lójú kọ̀ǹpútà, ògiri ni. Ẹ gé e níbi tí afárá wà gan-an.

Ọmọ_Ìkirun

Ẹ ṣeun gidi, ọ̀gá. Omi igun mélòó ló gbọ́dọ̀ kó jọ sójú kan kí ìlà odò tó bẹ̀rẹ̀? Mo fi 100 sí i, àwòrán náà kún bí irun orí.

Aláwòrán_Ilẹ̀

Igun kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 30 ní ìbú àti òró, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 900. Igun 100 kò tó ìdá mẹ́wàá kìlómítà onígun mẹ́rin kan, gbogbo ojú àgbàrá ló máa di odò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000, tó jẹ́ 0.9 kìlómítà onígun mẹ́rin, kí ẹ wá fi wé ìlà aláwọ̀ omi tó wà lórí ìwé àtijọ́. Bí ẹ bá gbé e dé 10,000, ẹ ti pa àwọn odò tí abúlé ń mu.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé ìwé àtijọ́ nìkan. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà láàárín ìlà gíga kan sí èkejì lórí rẹ̀, nǹkan bíi mítà 15. Ọ̀gbun tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀ lè má hàn. Níbi tí àwọn ìlà gíga bá ti ṣe ṣóńṣó bíi V tí ẹnu ṣóńṣó náà kọjú sí òkè, àfonífojì nìyẹn, kódà bí wọn kò bá ya omi sí i.

Òǹwọ̀n_Odò

Ti wíwọ̀n omi ló kù. Kò gba ẹ̀rọ. Ẹ nílò okùn tí ẹ fi ìsomọ́ sàmì sí ní mítà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá tí ẹ kọ sẹ̀ǹtímítà sí lára, fóònù tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti ọsàn mímu márùn-ún.

Ẹ wá ibi tí odò ti tọ́ fún mítà 20 ó kéré tán, tí kò sí òkúta ńlá, tí kò sí koríko nínú rẹ̀. Ẹ ta okùn sọdá, kó le dáadáa. Ẹ wọn jíjìn omi ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé odò fẹ̀ ní mítà 6, tí jíjìn rẹ̀ láti etí kan dé èkejì sì jẹ́ 0, 0.30, 0.55, 0.60, 0.50, 0.25, 0. Nínú ọ̀já mítà kan kọ̀ọ̀kan, ẹ ro jíjìn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Àpapọ̀ gbogbo ọ̀já mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.20.

Ẹ wá sàmì sí mítà 10 létí odò. Ẹ ju ọsàn sí òkè àmì àkọ́kọ́ díẹ̀ kó lè ti bá omi rìn kó tó dé àmì, kí ẹ sì ka iye àáyá tó fi dé àmì kejì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ má ju gbogbo rẹ̀ sí àárín, ẹ ju òmíràn sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí 23, 26, 25, 24 àti 27, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 25, omi ń rìn ní mítà 0.4 láàárín àáyá kan. Ṣùgbọ́n orí omi ló ń yára, ìsàlẹ̀ ń họ ilẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85. 2.20 lọ́nà 0.4 lọ́nà 0.85 jẹ́ 0.748, ìyẹn lítà 748 láàárín àáyá kan. Bí ìsàlẹ̀ odò bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí omi kò sì jìn, ẹ lo 0.8.

Ẹ má ṣe lo igi gbígbẹ tàbí ike òfìfo dípò ọsàn. Orí omi ni wọ́n ń léfòó sí pátápátá, atẹ́gùn á máa tì wọ́n, ìṣirò á sì ju bó ṣe yẹ lọ. Ọsàn máa ń rì wọlé, díẹ̀ ló ń yọrí.

Fún ìsun kékeré tí okùn kò yẹ, ẹ fi ewé tàbí páìpù darí gbogbo omi rẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20. Bó bá kún ní àáyá 8, lítà 2.5 láàárín àáyá kan nìyẹn.

Atọpa_Omi

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan lé e, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Níbi ìpàdé omi, ibi mẹ́ta lẹ ó wọ̀n: odò ńlá lókè ìpàdé, odò kékeré lókè ìpàdé, àti odò ńlá nísàlẹ̀ ìpàdé. Àpapọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀kẹta. Bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀, ẹ gbà á, ọsàn kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko láàárín, tàbí bóyá omi kékeré míì wọlé tí ẹ kò rí.

Ẹ má sì wọn odò kékeré ní ẹnu rẹ̀ gan-an. Bí Ọ̀ṣun bá kún, ó máa ń ti omi Erinlẹ̀ padà, omi á dúró bí ẹni pé kò lọ síbì kan, ó sì jìn. Ẹ gòkè títí ẹ ó fi dé ibi tí omi ti ń rìn dọ́gba.

Nọ́ọ̀sì_Abúlé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ sínú omi, ẹ dúró gbọ́. Agbègbè dáàmù Erinlẹ̀ wà lára ibi tí a ti mọ àtọ̀sí ajá, èyí tí ọmọ fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ìgbín kéékèèké tó ń gbé lára koríko létí omi tí kò ṣàn ló ń gbé kòkòrò náà, kòkòrò yẹn sì ń gba awọ ara wọlé, kò dìgbà tí èèyàn bá mu omi. Láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá ti mú, ló máa ń jáde jù.

Nítorí náà, ẹ wọn omi níbi tó ti ń ṣàn, ẹ má wọ etí dáàmù. Kí ẹni tó máa wọlé wọ bàtà rọ́bà tó ga, kí omi má sì kọjá orúnkún rẹ̀: bí omi bá kún inú bàtà nínú ìṣàn líle, ó lè gbé èèyàn lọ. Ẹni tí omi bá kàn, kó fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíákíá. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n máa fún un.

Àgbẹ̀_Akùrọ̀

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń sọ "orísun" bí ẹni pé ihò kan ni. Ní ilẹ̀ wa yìí, orísun odò kékeré kì í sábà jẹ́ ihò. Àbàtà ni. Ilẹ̀ tó rọ̀, tí èsúsú hù sí, tí omi ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ rẹ̀ níbi púpọ̀, títí yóò fi kó ara jọ sójú kan.

Orísun náà ń rìn. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ láti Ìkirun dé Ìlobùú, erùpẹ̀ tó bò ó kò nípọn. Omi òjò tó lè pamọ́ sínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tètè tán. Ní oṣù kẹsàn-án, omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láti ibi tó ga jù nínú àbàtà náà. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, ibẹ̀ ti sán, omi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ nísàlẹ̀ ibẹ̀ jìnnà. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi GPS mú ibi tí omi òjò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú ti ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú. Ìlà tó wà láàárín àmì méjèèjì, ẹ fi àmì tó-tó-tó fà á. Odò tó kù lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí kì í gbẹ, ni kí ẹ fà tán.

Ibi tí akùrọ̀ wà máa ń fi ibi tí kì í gbẹ hàn yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó tutù yọ̀yọ̀ ní oṣù kejì láìsí ẹ̀rọ omi, omi wà lábẹ́ ibẹ̀, kò jìn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń pọn omi pé, "Bí ibí bá gbẹ, ibo lẹ ń lọ?" Ibi tí wọ́n bá nawọ́ sí ni ibi tí odò kì í tán.

Ẹ kọ orúkọ bí wọ́n ṣe pè é, pẹ̀lú àmì ohùn. Ọbà tó jẹ́ odò kì í ṣe ọba tó wà láàfin, odò Ògùn tó wà lápá Abẹ́òkúta kì í sì ṣe Ògún onírin. Orúkọ ibú náà wà lọ́tọ̀ sí orúkọ odò. Odò kan lè ní ibú mẹ́rin márùn-ún, kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ ibú sí gbogbo odò.

Ìtàn_Òkè

Ọ̀rọ̀ pé odò ń yí padà láàárín ọdún ṣe pàtàkì. Ogun Jálumi ti ọdún 1878, lẹ́bàá Ìkirun, odò Òtìn ló fún un lórúkọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ń sá, wọ́n já lu omi, ọ̀pọ̀ sì kú sínú Òtìn. Ẹni tó bá lọ wo Òtìn ní oṣù kẹta lè má gbà gbọ́ pé omi yẹn gbé ogun lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ilẹ̀ ti mu omi yó, odò kò tíì fà. Bí ẹ bá máa kọ ìtàn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ẹ kọ oṣù náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ará_Bàhíà

Mo kí yín láti Brazil. Níbí, nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, àwọn ilé kan wà tó ń ka òrìṣà Logun Edé sí ọmọ Ọ̀ṣun àti Erinlẹ̀. Ní Kúbà, Inle ni wọ́n ń pe Erinlẹ̀. Ẹ bá wa fi àmì tó hàn dáadáa sí ibi tí odò méjèèjì ti pàdé lẹ́bàá Ẹdẹ. Àwọn èèyàn wà lókèèrè tó ń kọrin sí ibẹ̀ tí wọn kò tíì rí i lórí àwòrán rí.

Ọmọ_Ìkirun

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo máa fi àmì yẹn sí i. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù: mo fẹ́ fún odò kọ̀ọ̀kan ní ipele. Mo ka odò tí kò sí omi kankan tó wọ inú rẹ̀ sí 1. Tí 1 bá pàdé 1, ó di 2. Ní ibì kan, 2 pàdé 1, mo kọ 3. Ṣé ó tọ̀nà?

Aláwòrán_Ilẹ̀

Rárá. Àwọn tó bá dọ́gba nìkan ló ń gbé ara wọn ga. 2 pẹ̀lú 2 di 3. 2 pẹ̀lú 1 ṣì jẹ́ 2, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́wàá irú 1 bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n àwòrán tí ẹ lò sí abẹ́ rẹ̀, torí odò tó jẹ́ 3 lórí 1:50,000 lè di 2 lórí 1:100,000, níbi tí wọn kò ya àwọn kéékèèké sí.

Òǹwọ̀n_Odò

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọn omi náà pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ìgbà tí òjò rọ̀ kẹ́yìn. Lítà 748 láìsí ọjọ́ lára rẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ padà lọ wọ̀n ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní alẹ́ àná, ẹ dúró di ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àgbàrá lẹ ń wọ̀n.